Èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ wò? Ìfiwéra àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní Áfíríkà

Oṣù tí èèyàn gbéra ló máa ń ba ìrìn àjò sí àwọn ibi àjogúnbá jẹ́ ju àìtó owó lọ. Ẹni tó bá dé Mosi-oa-Tunya, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta tí wọ́n tún ń pè ní Victoria Falls, láti apá Zambia lóṣù kọkànlá, àpáta gbígbẹ ló máa bá níbi tó ti ń retí omi. Ẹni tó bá dé etí odò Mara ní Serengeti, ọgbà ẹranko ní Tanzania, lóṣù kejì, àwọn ẹranko tó torí wọn wá ti wà ní ìsàlẹ̀ gúúsù, ọ̀nà tó gba odindi ọjọ́ kan nínú mọ́tò. Owó ti lọ, físà ti lò. Nítorí náà, a to àwọn ibi yìí méjìméjì, ká lè rí ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní, àti ìgbà tó yẹ kí èèyàn lọ.

Ohun tí orúkọ náà ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ọdún 1972 ni wọ́n ṣe àdéhùn UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lórí àjogúnbá àgbáyé. Nígbà tó di 1978, wọ́n forúkọ ibi 12 àkọ́kọ́ sílẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ti Áfíríkà: erékùṣù Gorée ní Senegal, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lalibela àti òkè Simien ní Ethiopia. UNESCO kọ́ ló ni àwọn ibi yìí. Orílẹ̀-èdè tó ni ilẹ̀ ló ń tọ́jú wọn, òun ló ń gba owó ìwọlé, òun ló sì ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àti ọjọ́ tí wọ́n ń tì.

Ìdí mẹ́wàá ló wà tí ibi kan fi lè wọ àkójọ náà. Ìkíní dé ìkẹfà jẹ mọ́ iṣẹ́ àti èrò ọmọ ènìyàn, ìkeje dé ìkẹwàá jẹ mọ́ ìṣẹ̀dá. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ, torí ó ń sọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀. Gorée àti àwọn ilé olódi Ghana, ìdí kẹfà nìkan ló mú wọn wọlé, èyí tó jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tàbí ìgbàgbọ́ tó so mọ́ ibì kan. Ẹni tó bá torí ẹwà ilé lọ síbẹ̀ yóò darí wálé pẹ̀lú ìjákulẹ̀, ẹni tó bá torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ yóò rí i. Ngorongoro ní Tanzania ní nọ́ńbà márùn-ún, ìkan nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọ ènìyàn, torí àgbègbè náà ni wọ́n ti rí àwọn egungun àtayébáyé ní Olduvai, àti ipasẹ̀ àwọn baba ńlá wa ní Laetoli, èyí tó ti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ọdún.

Àkójọ kejì wà, ti àwọn ibi tó wà nínú ewu, ó sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ewu tó dojú kọ ibi náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà síbẹ̀, wọn kì í ka ewu tó dojú kọ àlejò. Ìjì wó àwọn ilé ní ààfin Abomey, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, lọ́dún 1984. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ ewu, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2007, bẹ́ẹ̀ àlejò ń lọ wọ́n ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adámáwá kò sí nínú àkójọ ewu, síbẹ̀ Boko Haram kọlù ú lọ́dún 2014, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì tíì rí bó ṣe yẹ fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣeré lọ. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà náà ni kí ẹ bi léèrè nípa ààbò. Ìwé UNESCO kò kọ ìyẹn.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tàbí ààfin Abomey

Àwọn méjì yìí ló rọrùn jù fún ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá. Igbó Ọ̀ṣun wọ àkójọ lọ́dún 2005, hẹ́kítà 75 ni. Abomey wọlé lọ́dún 1985, hẹ́kítà 47 ni.

Ní Òṣogbo, ẹ̀sìn ṣì ń lọ lọ́wọ́ nínú igbó, lójoojúmọ́. Ojúbọ bí ogójì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé fi ọwọ́ ṣe. Wọ́n ka irú ewéko tó ju 400 nínú igbó náà, tí nǹkan bíi 200 nínú wọn jẹ́ ti egbòogi. Ọdẹ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, apẹja kò gbọ́dọ̀ dẹ àwọ̀n sí odò. Òfin yìí ló jẹ́ kí ọ̀bọ máa rìn láàárín àlejò láìbẹ̀rù, torí náà, ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú àpò.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ dáhùn ṣáájú ni pé: ṣé ọdún Ọ̀ṣun lẹ fẹ́ wò, àbí igbó? Ọdún máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ, ọjọ́ 12 ló sì ń gbà, láti orí Ìwọ́pópó, ètò ìwẹ̀nùmọ́ ojú pópó, dé alẹ́ àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, títí dé ọjọ́ tí Arugbá yóò gbé igbá dé odò. Lọ́jọ́ Arugbá, èrò pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ère kan dáadáa, ẹ ò sì ní lè dúró wo ojúbọ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ ọnà, kó lọ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, láàárọ̀, ní ọjọ́ iṣẹ́. Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó, pẹ̀lú afinimọ̀nà tí wọ́n máa fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún, kó ti gba hòtẹ́ẹ̀lì kí oṣù keje tó wọlé, kó má sì dúró sójú ọ̀nà tí Arugbá ń gbà. Wọn kì í dí i lọ́nà, wọn kì í sì pe orúkọ rẹ̀.

Ohun tó ń dun àwọn tó fẹ́ràn ibẹ̀ ni odò náà. Iṣẹ́ ìwakùsà wúrà lókè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa bí omi amọ̀. Àwọn kan ṣì ń bu ú mu nítorí ìgbàgbọ́. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ náà, ṣùgbọ́n a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó mu ún, pàápàá aboyún àti ọmọdé, torí irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ máa ń da májèlé irin sínú omi, síse kò sì lè mú ìyẹn kúrò. Ẹ fi wẹsẹ̀, ẹ fi wúre, ó tó. Àwọn ère náà ń jìyà lọ́nà tiwọn: òjò ń fọ amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì wọn, gbòǹgbò igi sì ń la ìpìlẹ̀. Gígùn tí àlejò ń gun orí wọn láti ya fọ́tò ń mú kí ìbàjẹ́ náà yára.

Abomey yàtọ̀ gan-an. Àwọn ọba 12 tó jẹ tẹ̀ léra ní ìjọba Dahomey láti 1625 títí di 1900, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ààfin tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tó ṣáájú. Amọ̀ ni ògiri, wọ́n sì mọ àwòrán sí ara rẹ̀, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ogun tàbí oríkì ọba. Ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ló dáná sun ààfin lọ́dún 1892 kí àwọn Faransé tó wọlé, torí náà púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa rí jẹ́ àtúnṣe. Àgbàlá ọba Gezo àti ti ọba Glele ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìdílé ọba ṣì ń ṣe ètùtù níbẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí àlejò kì í dé.

Yorùbá tó bá débẹ̀ kò ní ka ògiri yẹn bí òyìnbó ṣe ń kà á. Dahomey san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́ títí Gezo fi kọ̀ láti san án mọ́ láàárín ọdún 1820 sí 1830. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà nígbà méjèèjì. Wọ́n run Kétu lọ́dún 1886. Ogun tí wọ́n bá àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá, jà wà lára àwòrán ògiri náà. Ẹ ka ìtàn yìí kí ẹ tó lọ, torí afinimọ̀nà yóò sọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ó sì dára kí ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Láti Cotonou, nǹkan bíi kìlómítà 140 ni. Bohicon ni mọ́tò èrò ń já èèyàn sí, ọ̀kadà yóò sì gbé e dé Abomey. Fọ̀n àti Faransé ni wọ́n ń sọ, nítorí náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ tún béèrè àgbàlá tó ṣí, torí iṣẹ́ àtúnkọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti mú kí wọ́n ti àwọn ibì kan. Àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà lóṣù kọkànlá 2021, Cotonou ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wọ́n han aráyé lọ́dún 2022. Ẹni tó bá torí wọn lọ sí Abomey láìbéèrè lè lọ lásán.

Bí ẹ kò bá tíì dé ibì kankan nínú méjèèjì, Òṣogbo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ti dé Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan, ẹ má padà síbẹ̀ kí ẹ tó rí Abomey.

Àwọn ilé olódi Ghana tàbí Gorée

Ilé olódi Elmina ti wà láti 1482, àwọn Potogí ló kọ́ ọ. Dutch gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1637, ó sì di ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1872. Nǹkan bíi kìlómítà 13 ló wà láàárín rẹ̀ àti Cape Coast. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn ilé olódi yòókù létí òkun Ghana wọ àkójọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 1979.

Àsìkò tó láti wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkàn kì í gbà á. Ìrìn pẹ̀lú afinimọ̀nà ń gba nǹkan bíi wákàtí kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì mú yín wọ àjà ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú sí ní Cape Coast, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ju ti ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ní Elmina, àgbàlá àwọn obìnrin wà lábẹ́ ibi tí gómìnà ti ń dúró wò wọ́n láti òkè. Ẹni tí àyè há-há máa ń dẹ́rù bà, Elmina ló yẹ kó yàn, torí ó ṣí ju Cape Coast lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ní kíkún, Cape Coast ni, torí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn àjà náà kò tẹ́jú, ó sì máa ń yọ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ló dára.

Gorée kéré gan-an, erékùṣù hẹ́kítà 28, tí mọ́tò kò sí rárá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Dakar kì í lò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Ilé Ẹrú tí gbogbo ayé mọ̀, ọdún 1776 ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n sábà máa ń tì í lọ́jọ́ Ajé, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí iye àwọn tó gba inú ilé náà kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé iye náà kéré sí ti àwọn èbúté ńlá ìsàlẹ̀ etí òkun. Ìyẹn kò sọ Gorée di asán, torí ohun tó dúró fún ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá tiwa lẹ fẹ́ tọ̀, Elmina kọ́, Gorée kọ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Bahia àti Kúbà, púpọ̀ wọn gba Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó kọjá. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí tó tíì wọ àkójọ UNESCO. Àkójọ náà kò kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì jọ, pàápàá ohun tó ṣe pàtàkì sí wa, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń bọ̀ láti Brazil tàbí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìbéèrè nípa ìran rẹ̀, Àgbádárìgì sí Ouidah ni ká kọ́kọ́ mú un lọ, ká tó dé Ghana.

Mosi-oa-Tunya: ìhà Zimbabwe tàbí ìhà Zambia

Ibì kan ṣoṣo ni, tí orílẹ̀-èdè méjì pín láàárín, ó sì wọ àkójọ lọ́dún 1989. Omi náà fẹ̀ tó mítà 1,708, ó sì ń já sílẹ̀ láti gíga mítà 108. Orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ èéfín tó ń dún bí àrá.

Ohun tó máa ń tan èèyàn ni àkókò òjò. Oṣù kọkànlá ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ lágbègbè náà, ṣùgbọ́n omi odò Zambezi kì í kún dé góńgó títí di nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Ìdí ni pé orísun rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ó gba Angola kọjá, ó sì tún ní láti kún pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá Barotse kó tó lè ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ètè àpáta ní ìhà Zambia ga ju ti Zimbabwe lọ. Bí omi bá ti fà, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbẹ.

| Oṣù | Ìhà Zimbabwe | Ìhà Zambia |
|---|---|---|
| Kejì sí ìkarùn-ún | Èéfín omi bo ojú; ẹ ó gbọ́ ọ ju bí ẹ ó ṣe rí i lọ | Ẹ ó rẹ gbingbin lórí afárá Knife Edge |
| Kẹfà sí ìkẹjọ | Ó dára jù. Omi pọ̀, ojú mọ́ | Ó dára |
| Kẹsàn-án | Ó ṣì dára | Ó ń gbẹ lọ |
| Kẹwàá àti ìkọkànlá | Omi ṣì ń já | Àpáta ni púpọ̀ rẹ̀. Devil's Pool ṣí |
| Kejìlá àti ìkíní | Omi ń padà bọ̀ | Wọ́n ń ti Devil's Pool bí omi ṣe ń ga |

Devil's Pool ni adágún tó wà ní ètè ibi tí omi ti ń já gan-an. Láti ìhà Zambia ni wọ́n ti ń dé ibẹ̀, pẹ̀lú afinimọ̀nà nìkan. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré, Zimbabwe ni kó yàn ní oṣù èyíkéyìí, torí iwájú omi náà ló kọjú sí. Láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Èéfín yẹn ń ba fóònù jẹ́ ju òjò lọ torí ó ń ti ìsàlẹ̀ wá. Kí ẹ tó sọdá afárá ààlà, ẹ rí i dájú pé físà yín gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà dá yín dúró nígbà tí ẹ bá ń padà.

Ngorongoro tàbí Serengeti

Tanzania ni méjèèjì wà, Arusha sì ni wọ́n ti ń gbéra. Ngorongoro jẹ́ òkè ayọnáyèéfín tó wó wọ inú ara rẹ̀ láyé àtijọ́. Kòtò tó kù fẹ̀ tó kìlómítà 264 níbùú lóròó, ó sì jìn tó nǹkan bíi mítà 600. Nítorí pé ó dà bí agbada, ẹranko kì í jìnnà síra: kìnnìún, erin, ẹfọ̀n, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, àti àgbáǹréré dúdú tó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Àgùnfọn kò sí nínú kòtò náà. Ọjọ́ kan péré tó láti rí ohun púpọ̀.

Serengeti fẹ̀ tó kìlómítà 14,763 níbùú lóròó, ẹ kò lè fi ọjọ́ kan wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló kéré jù. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ ni wildebeest, ẹran kan tó rí bíi màlúù tó gùn lójú, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, tó ń tẹ̀ lé koríko tútù yíká ọdún. Oṣù kìíní sí ìkẹta, gúúsù ni wọ́n ń bímọ sí, ní agbègbè Ndutu. Oṣù keje sí ìkẹwàá, àríwá ni wọ́n wà, wọ́n ń kọjá odò Mara láàárín àwọn ọ̀nì. Ẹni tó bá ń ta ìrìn àjò fún yín, ẹ bi í pé "àgọ́ wa máa wà níbo?" kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bó bá ní Serengeti lásán, kò tíì dáhùn.

Owó ìwọlé jẹ́ ti wákàtí 24. Bí ẹ bá pẹ́ jáde lẹ́nu ibodè, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀kejì. Ní kòtò Ngorongoro, mọ́tò kọ̀ọ̀kan tún ń san owó tirẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, torí náà, bí ẹni mẹ́rin bá wà nínú mọ́tò kan, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kéré sí ti bí wọ́n bá jẹ́ méjì. Etí kòtò ga, ó sì tutù gan-an lálẹ́ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Ẹ gbé súwẹ́tà. Ní Serengeti, ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, torí eṣinṣin tsetse máa ń tọ àwọ̀ wọ̀nyẹn. Níbi ìjẹun ọ̀sán nínú kòtò, inú mọ́tò ni kí ẹ ti jẹun, torí àwọn àwòdì máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn, èékánná wọn sì ń dá ọgbẹ́. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù jẹ́ èèwọ̀ ní Tanzania láti 2019. Ẹ kó tiyín kúrò nínú báàgì kí ẹ tó wọ bàálù.

Òkè Kilimanjaro wà nítòsí, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895. Ọ̀nà Marangu ní ilé tí èèyàn lè sùn sí, ó sì yá, ṣùgbọ́n yíyá náà ló ń pa ọ̀pọ̀ lára, torí ara kò ráyè mọ́ afẹ́fẹ́ òkè. Ọ̀nà Lemosho ń gba ọjọ́ méje sí mẹ́jọ, àwọn tó ń dé òkè níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti Marangu lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ọjọ́ márùn-ún fún yín.

Àwọn tó yẹ kí ẹ ní sùúrù fún

Ṣọ́ọ̀ṣì 11 ni Lalibela, tí wọ́n gbẹ́ láti orí òkúta wá sísàlẹ̀, láìfi bíríkì kan kún un. A kò mọ ilé míì ní Áfíríkà tó dà bí Bete Giyorgis, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọjọ́ keje oṣù kìíní, tó jẹ́ Kérésìmesì wọn, ló kún jù. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ torí yọ̀rọ̀ inú rọ́ọ̀gì, ẹ sì mú iná tọ́ọ̀ṣì dání fún ihò tó so àwọn ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn ti ń da agbègbè Amhara láàmú láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ wo ìròyìn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Timbuktu àti Djenné ní Mali, ẹ dúró. Koutammakou, ilé amọ̀ alájà àwọn Batammariba tó wọ àkójọ ní Togo lọ́dún 2004 tí wọ́n sì fi apá Benin kún lọ́dún 2023, sún mọ́ àríwá tí àwọn ológun ẹ̀sìn ti ń jà. Ẹ béèrè ní ìlú Kara ní Togo kí ẹ tó gòkè.

Ìwé

Fún Benin, Togo, Ghana àti Senegal, ìwé ìrìnnà ECOWAS tó, ẹ kò nílò físà fún ọjọ́ 90. Fún Tanzania, Zambia, Zimbabwe àti Ethiopia, ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò físà ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, torí yẹ́lò káàdì kì í ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Bí òṣìṣẹ́ ẹnubodè bá ní káàdì yín ti pé ọdún mẹ́wàá, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un, ẹ má sanwó.